Ohun Tí Láníyọnu Sọ Nílẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí Etí Ńlá gbọ́ láti ojú òfurufú, orin ìpolówó ọṣẹ ni. Àwọn onímọ̀ tó kọ́ ẹ̀rọ náà ti dìde dúró, wọ́n ti gbọ́wọ́ lé àyà, wọ́n ń retí ohùn àràmàǹdà. Obìnrin kan ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin pé ọṣẹ òun ń hó ju ti ẹlòmíràn lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, òun sì ni ọ̀gá wọn, Ìyùnadé. Ó mọ orin yẹn. Ìyá rẹ̀ máa ń kọ ọ́ bó bá ń wẹ̀ fún un ní kékeré, nígbà tí wọ́n ṣì ń gbé ní Igbá Kẹta, kí Igbá Kẹta tó fọ́.

Ó ní, "Ó ti ń ṣiṣẹ́," ó sì yíjú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ìbínú tó wà nínú Ìyùnadé lọ́jọ́ yẹn pọ̀ ju ayọ̀ lọ.

Ìlú tí mò ń sọ yìí ni Ẹ̀yìn-Òṣùpá, ní apá òṣùpá tí kì í kọjú sí ayé rárá. Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Àwọn baba wọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ mọ ilé onídígí ràgàjì bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n rọ afẹ́fẹ́ sí i, wọ́n sì kó ọmọ àti ewúrẹ́ wọn wọ inú rẹ̀. Igbá náà ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn gbogbo igbá yẹn, nínú àfonífojì kan, ni Etí Ńlá wà, ó sì fẹ̀ ju oko ẹ̀gẹ́ lọ. Jìnnà réré sí wọn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn fún ogún ọdún kó tó dé, nǹkan dúdú kan wà tó ń dá ìgbì tẹlifíṣọ̀n padà bí ògiri ṣe ń dá bọ́ọ̀lù padà. Dígí-Òkùnkùn ni wọ́n sọ ọ́. Ohun tí wọ́n bá gbé jáde lónìí yóò dé ibẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún, yóò tún fi ogún ọdún padà bọ̀ wálé, á sì ti rẹ̀ ẹ́ débi pé mímí eèrà á le jù ú lọ. Etí Ńlá nìkan ló lè gbọ́ ọ. Ìgbì náà kì í sì í dúró deni. Bó bá ti kọjá, ó ti kọjá nìyẹn.

Àwọn ará Ẹ̀yìn-Òṣùpá fẹ́ràn tẹlifíṣọ̀n ju oúnjẹ lọ. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Bí èèyàn bá wo ìta láti inú igbá, eruku àti òkùnkùn ló máa rí, lánàá, lónìí, lọ́la. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń dìbò yan Ìṣẹ́jú Ńlá, ìyẹn ìṣẹ́jú tó lágbára jù lọ nínú gbogbo ohun tí tẹlifíṣọ̀n ti gbé jáde rí. Wọ́n á jókòó pọ̀, wọ́n á wò ó, wọ́n á sunkún tẹ́rùn, wọ́n á lọ sùn. Awakọ̀ òfurufú kan wà lára rẹ̀ tó ń kọrin fún ọmọ rẹ̀ kó lè sùn, nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń já bọ́ sínú oòrùn. Ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ nínú Igbá Kìíní náà wà níbẹ̀, tí àwọn àgbàlagbà ń bọ́ aṣọ sáré bí ọmọdé. Agbábọ́ọ̀lù kan wà níbẹ̀ tó lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún rẹfirí pé ọwọ́ lòun fi gba góòlù wọlé. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ogójì ọdún, ìṣẹ́jú kan náà ló ń gba ipò kìíní, Ìdọ̀bálẹ̀ Láníyọnu sì ni orúkọ rẹ̀.

Láníyọnu ni bàbá Ìyùnadé.

Àwòrán náà kò gùn. Ẹnu ọ̀nà Igbá Kẹta ni, yìnyín ti bò ó. Ọkùnrin gíga kan jáde látinú èéfín, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Olóyè Fámákinwá, tó jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ ìlú nígbà náà. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n kò sí ohùn. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní ohùn sọnù. Olóyè bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó parí. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ àwòrán náà pé, "Ẹni tó pa ọgọ́rin èèyàn ń tọrọ ìdáríjì." Ìtàn tí gbogbo ìlú mọ̀ ni pé Láníyọnu, ọ̀gá àwọn aṣọ́lẹ̀kùn, jẹ́ kí ìlẹ̀kùn òde Igbá Kẹta ṣí nígbà tí tinú ò tíì tì, afẹ́fẹ́ sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló tún ń wá ẹ̀rí mìíràn? Wọ́n rí i lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń bẹ̀bẹ̀.

Ní ìlú tí gbogbo èèyàn ń mí afẹ́fẹ́ kan náà, ẹni tó bá fi afẹ́fẹ́ ṣòfò tí ènìyàn fi kú, wọn kì í pa á, wọn kì í sì í tì í mọ́lé. Àìkí ni ìyà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kí i mọ́, bó bá sì kí èèyàn, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dá a lóhùn. Ará ilé rẹ̀ nìkan ni òfin yọ sílẹ̀. Bí ẹ bá rò pé ìyà kékeré nìyẹn, ẹ dé ibi iṣẹ́ yín lọ́la kí gbogbo èèyàn máa wò yín kọjá. Láníyọnu á jáde láàárọ̀, á kí ẹni tó bá pàdé, á padà wálé láìgbọ́ ohùn kankan. Ìyùnadé á ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá mi." Ojú ọkùnrin náà á wá tàn. Bó ṣe gbé e fún ọdún mẹ́fà nìyẹn kó tó kú. Nígbà tó kú, kò sẹ́ni tó kí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kú ará fẹ́ra kù.

Ní ilé-ìwé, àwọn ọmọdé máa ń dọ̀bálẹ̀ síwájú Ìyùnadé, wọ́n á máa mi ẹnu láìsọ̀rọ̀, àwọn yòókù á máa rẹ́rìn-ín. Lọ́dọọdún, wọ́n á tún gbé bàbá rẹ̀ jáde, gbogbo ìlú á tún wo àyà rẹ̀ nílẹ̀. Olóyè Fámákinwá, tó ti di Bàbá Ìlú, á jókòó sí ìjókòó iwájú, wọ́n á máa yìn ín pé ó fọwọ́ kan èjìká apànìyàn, èèyàn mélòó ló lè ṣe é? Ìyùnadé kórìíra rẹ̀. Ó kórìíra rẹ̀ nígbà tó jẹ́ ọmọdé, ó kórìíra rẹ̀ nígbà tó di ọ̀mọ̀wé, ìkórìíra yẹn ló sì fi kọ́ Etí Ńlá. Ó mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, pé kámẹ́rà ìgbà yẹn máa ń kọ́kọ́ ju àwòrán àti ohùn sókè tààrà kó tó dé ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ilé-iṣẹ́ lè pa ohùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè pa èyí tó ti lọ. Ohùn bàbá rẹ̀ ń bọ̀ wálé láti Dígí-Òkùnkùn, ọjọ́ ìdìbò Ìṣẹ́jú Ńlá ọdún náà gan-an ni yóò sì dé.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí fi dé etí Olóyè Fámákinwá. Ó wá sí ilé-iṣẹ́ Etí Ńlá fúnra rẹ̀, ó ti darúgbó, ó ń fi ọ̀pá rìn. Bó ti wọlé, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

Ìyùnadé ní, "Ẹ dúró sídìí ẹ̀rọ yín."

Òfin ibẹ̀ ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lórí ẹ̀rọ kì í kí ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọba. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn létí bẹ́ẹ̀, ó ń sọ ọ́ léraléra títí tó fi kú, ọmọ náà kò sì béèrè ìdí rẹ̀ rí.

Olóyè wò ó. "Ìyùnadé, ṣé o ò rí mi ni?"

"Mo rí yín, sà. Ọwọ́ mi ni ò dilẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá ọkùnrin náà níbi tí kò retí. Ó wá ìjókòó fúnra rẹ̀, ó jókòó.

"Wọ́n ní o fẹ́ mú ohùn ọjọ́ yẹn jáde."

"Ní gbangba, lójú gbogbo igbá."

"Kí nìdí tí o ò fi kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní ìwọ nìkan?"

"Kẹ́ ẹ lè sọ pé èmi ni mo ṣe é?" Ìyùnadé rẹ́rìn-ín. Ó kúkú jàre níbẹ̀. Láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, ẹ̀rọ lè ya ojú ẹnikẹ́ni, kó sì fi ohùn ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àwòrán tí èèyàn bá ti fi pamọ́ fún wákàtí kan, ayédèrú ni lójú òfin. Èyí tó bá ti Etí Ńlá wọlé tààrà lójú gbogbo ènìyàn nìkan ni wọ́n ń gbà. "Ẹ̀yin lẹ wà níwájú bàbá mi, ẹ̀yin lẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ẹ sọ ọ́ fún mi ní báyìí, mo máa pa ẹ̀rọ yìí."

Olóyè ní, "Mo ti ṣèlérí fún bàbá rẹ."

"Bàbá mi ti kú, sà."

"Ìyá rẹ ṣì wà láyé. Ó ti dàgbà. Jẹ́ kó sinmi."

Ìhàlẹ̀ ni Ìyùnadé gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó kúrò nídìí ẹ̀rọ, ó wá dúró níwájú rẹ̀. "Ẹ má fi ìyá mi dẹ́rù bà mí. Ẹ ti jẹ́ kí bàbá mi rìn láàárín ìlú bí òkú fún ọdún mẹ́fà. Ẹ̀yin náà á mọ̀ ọ́n lára. Ẹ máa jí, ẹ máa kí èèyàn, ògiri ló máa dá yín lóhùn."

Àgbà náà bínú. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ọmọ méje ni mo bí," ó ní. "Àwọn ọmọ-ọmọ mi ò lóǹkà. Òfin ò dí ará ilé lọ́wọ́. Wọ́n á máa kí mi títí màá fi kú, wàá sì máa wò wá."

Ká ní kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn ni. Lọ́jọ́ kejì, Ìyùnadé ti dé iwájú Ìgbìmọ̀ Afẹ́fẹ́, àwọn àgbà tó ń ṣe òfin ìlú. Gbèsè oore rẹ̀ wà lọ́rùn wọn. Òun ló ṣe etí-ògiri, àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó wà nínú ògiri gbogbo ilé, tó ń tẹ́tí sí i bóyá afẹ́fẹ́ ń jò. Etí-ògiri yìí ti gba Igbá Karùn-ún là. Ó sọ fún wọn pé ẹni tó jẹ̀bi ikú ọgọ́rin èèyàn ò tíì jìyà, pé ọjọ́ ìdìbò ni wọ́n á mọ ẹni náà, pé kí wọ́n sì tún Òfin Àìkí ṣe kó tó dìgbà yẹn. Kí wọ́n yọ ààyè tó wà fún ará ilé kúrò. Kí etí-ògiri máa gbọ́ ìkíni àti ìdáhùn bó ṣe ń gbọ́ jíjò afẹ́fẹ́.

"Bí ọmọ rẹ̀ bá wá kí i ńkọ́?" ọ̀kan nínú wọn béèrè.

"Ẹ má fìyà jẹ ọmọ náà. Ọmọ lè fara mọ́ ìyà nítorí bàbá rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kí ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ gbé e lọ sí Igbá Kẹta, nínú yàrá tó ṣẹ́ kù níbẹ̀, kó máa dá gbé. Ẹ̀rù á ba àwọn ọmọ rẹ̀ láti yanu."

Ìyá àgbà kan wà nínú ìgbìmọ̀ náà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Olómi, nítorí pé omi ìlú ló wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ó gbé ojú sókè. "Ọ̀mọ̀wé, ta ló fẹ́ pa ọmọ lẹ́nu mọ́ kó má kí ẹni tó bí i? Òfin yìí le jù."

"Ẹni tó pa ọgọ́rin èèyàn ò yẹ kó gbọ́ ẹ káàárọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni láyé mọ́, mà."

Wọ́n wo ara wọn. Púpọ̀ nínú wọn ló ti pàdánù ẹbí ní Igbá Kẹta. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n ní wọn ò sì ní yí òfin náà padà níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá wà lábẹ́ rẹ̀, kí owó tàbí ẹ̀bẹ̀ má bàa bà á jẹ́. Ìyùnadé fúnra rẹ̀ ló dábàá gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn.

Nígbà tó délé, Àwẹ̀ró ìyá rẹ̀ ń já tẹ̀tẹ̀ tó gbìn sínú agbada lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Arúgbó jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Láti ọdún tí Igbá Kẹta ti fọ́, kò kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni mọ́, ì báà jẹ́ Bàbá Ìlú. Á kàn tẹrí ba, á ní orúnkún ń dun òun. Ìyùnadé ti ra oríṣiríṣi oògùn fún orúnkún yẹn, ìyá rẹ̀ kì í sì í lò wọ́n.

"Mo gbọ́ ohun tí o lọ ṣe," ni Àwẹ̀ró sọ.

"Ó yẹ kínú yín dùn, Màmá."

"Padà lọ bá wọn. Sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ti ará ilé sílẹ̀ bó ṣe wà."

"Kí àwọn ọmọ Fámákinwá lè máa kí i? Ẹ ò ní í gbàgbé bí Bàbá mi ṣe máa ń wọlé lálẹ́."

"Mi ò gbàgbé." Arúgbó náà kó tẹ̀tẹ̀ jọ, ó tún tú u ká. "Ìyùn, bàbá ẹ ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti sin ín. Fi í sílẹ̀ fún un."

"Ṣé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ohùn ọkọ yín ni?"

Ọwọ́ ìyá rẹ̀ dúró. "Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ," ó ní. Ẹnu rẹ̀ ṣí bíi pé ó fẹ́ sọ nǹkan sí i. Ká ní Ìyùnadé dúró díẹ̀ ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá jáde. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń dúró dè é, ó ti gbé báàgì rẹ̀, ó sì ń sọ fún ìyá rẹ̀ irú aṣọ tí kó wọ̀ lọ́jọ́ ìdìbò, torí wọ́n máa fi kámẹ́rà sójú rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn Igbá Kìíní kún ní ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn ará igbá yòókù sì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n wọn. Ìlà méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn tí èèyàn wọn kú ní Igbá Kẹta. Ìyùnadé ti to gbogbo rẹ̀ bó ṣe wù ú. Kámẹ́rà kan kọjú sí Olóyè Fámákinwá, kí ìlú lè rí ojú rẹ̀ bó bá ń ṣubú. Òmíràn kọjú sí ìyá rẹ̀, kí wọ́n lè rí omijé ayọ̀ opó Láníyọnu. Ó ti fi èdìdì òfin ti gbogbo ẹ̀rọ pa, kí ọ̀rẹ́ Olóyè kankan má bàa rí ohùn pa lẹ́ẹ̀kejì. Títí ètò yóò fi parí, òun pàápàá kò lè fọwọ́ kàn án.

Atọ́kùn ètò náà ka àwọn ìṣẹ́jú yòókù. Awakọ̀ òfurufú kọrin tirẹ̀, àwọn èèyàn sunkún bí wọ́n ṣe máa ń sun ún. Lẹ́yìn náà iná rẹlẹ̀, Etí Ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í hó lọ́nà jíjìn. Àwòrán yọ díẹ̀díẹ̀. Yìnyín, èéfín, ọkùnrin gíga náà. Ó ṣí fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀.

Ohùn sì jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Àwẹ̀ró ni."

Ẹnì kan wúkọ́ nínú gbọ̀ngàn, ó sì gbé ikọ́ náà mì.

"Dìde, Láníyọnu," ohùn Fámákinwá ìgbà náà sọ. "Wọ́n ń wò wá."

"Mi ò ní dìde. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀rọ ìlẹ̀kùn ti bàjẹ́, ọ̀pá yẹn nìkan ló ń di tòde mú bí tinú bá ṣí. Ọwọ́ Àwẹ̀ró méjèèjì wà lórí ọ̀pá náà. Ẹ̀yin lẹ kọjá, ó sì fọwọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ mọ ìdí tó fi kúnlẹ̀, sà. Lánàá, ó kí yín lórí ìdúró, ẹ sì pè é ní ọmọ tí wọn ò kọ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ọ̀pá yẹn lánàá náà."

Èéfín ń kọjá nínú àwòrán náà.

"Kí lo fẹ́?"

"Kó jẹ́ èmi. Èmi ni ọ̀gá ìlẹ̀kùn, wọ́n á gbà á gbọ́. Bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀, èmi náà á sọ ọ̀rọ̀ àná. Bí ẹ bá dákẹ́, màá gbé e dé sàréè. Ìyùn kéré, sà. Ẹ jẹ́ kó ní ìyá tó máa kí láàárọ̀."

Fámákinwá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, bí gbogbo ìlú ti máa ń rí i. "Mo ti gbọ́," ó ní. Ó wá yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ẹ sọ fún wọn nílé-iṣẹ́ kí wọ́n pa ohùn yẹn."

Ojú Olóyè wó lulẹ̀ nínú kámẹ́rà tí wọ́n fi sójú rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ Ìyùnadé. Ogójì ọdún ló ti ń dúró de ojú yẹn, adùn rẹ̀ sì kọ́kọ́ dé kí ìtumọ̀ ohun tó gbọ́ tó dé. Ìgbà tó yíjú sí àwòrán kejì, níbi tí kámẹ́rà ti ń retí omijé ayọ̀, ló tó yé e.

Àwẹ̀ró ti dìde. Ó ń rìn lọ síwájú ìlà méjì yẹn, kámẹ́rà sì ń tẹ̀ lé e bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún un. Ìyùnadé sáré lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó fa èdìdì náà títí èékánná rẹ̀ fi ya. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n ń wò ó, ọwọ́ wọn ò gbọdọ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì ló fi kanlẹ̀, wẹ́rẹ́, láìsí ìrora kankan, gbogbo ìlú sì rí i pé orúnkún náà kò dùn ún rí.

"Ẹ kú ìjókòó o," ó ní. "Èmi ni mo fọwọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ọkọ mi ní tí mo bá sọ ọ́, ọmọ ni mo pa kún un. Ẹ kú ọdún gbogbo tí ẹ ti ń ṣọ̀fọ̀."

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Bí òfin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó kà á jáde.

Ìgbìmọ̀ Afẹ́fẹ́ kò jókòó pẹ́. Àwẹ̀ró wọ Àìkí nítorí ọwọ́ tó fi sílẹ̀, Olóyè Fámákinwá wọ ọ́ nítorí ọ̀rọ̀ tó mú un fi í sílẹ̀ àti irọ́ tó fi ogójì ọdún jẹ oyè lórí rẹ̀. Wọ́n gba ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèje kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n ń wo ilẹ̀, ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ bo ẹnu ọmọ tó gbé dání. Ohun tí Ìyùnadé fẹ́ gan-an nìyẹn, bó ṣe fẹ́ ẹ náà ló rí.

Ó lọ bẹ ìgbìmọ̀ náà. Ó dojúbolẹ̀ fún wọn, òun tí kì í kúrò nídìí ẹ̀rọ nítorí ọba. Ó ní kí wọ́n dá ààyè ará ilé padà. Ìyá Olómi ló dá a lóhùn, kò sì fi ìkanra sọ ọ́.

"Ọ̀mọ̀wé, ìwọ lo ní a ò gbọdọ̀ yí i padà bí ẹnì kan bá ti wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ní ó le jù, o ò gbọ́. Àbúrò mi méjì ló wà ní Igbá Kẹta lọ́jọ́ náà. Mi ò lágbára àtibá ẹ tún un ṣe."

Nígbà tí ọdún yípo, wọ́n tún dìbò Ìṣẹ́jú Ńlá. Ìdọ̀bálẹ̀ Láníyọnu kò gba ipò kìíní mọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ò tiẹ̀ ṣe é mọ́. Ìkúnlẹ̀ Àwẹ̀ró ló gbà á, ìbò tó ní sì ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Wọ́n ní àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, ohùn rẹ̀ náà sì pé.

Ìyá àti ọmọ ṣì ń gbé inú ilé kan náà. Láràárọ̀, Ìyùnadé máa ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá sí yàrá ìyá rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìdìbò náà, ó rí i pé arúgbó náà ti jí, ó jókòó sétí ibùsùn.

"Ìyùn," ni Àwẹ̀ró wí. "O jí ire bí?"

Ìyùnadé gbé abọ́ náà sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ ní pípadé. Etí ni wọ́n ṣe sínú ògiri, wọn ò ṣe ojú sí i, ìyẹn nìkan ló kù tó lè ṣe.

Ìyá rẹ̀ wò ó títí. "Dìde, ọmọ mi," ó ní. "Ìkúnlẹ̀ ti tó. Ohùn ẹ ni mo fẹ́ gbọ́."

Ìyùnadé mọ ìwọ̀n ohùn tó kéré jù lọ tí etí-ògiri lè gbọ́, torí òun ló ṣe é. Mímí lásán tó bá ti ní ọ̀rọ̀ nínú ti tó. Ó mọ bí yàrá Igbá Kẹta tí wọ́n á gbé ìyá rẹ̀ lọ ṣe tutù tó. Ó dìde, ó sún abọ́ ẹ̀kọ náà mọ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó jáde, ó sì rọra pa ìlẹ̀kùn dé.